Láti Orí Wáyà Bọ́ Sórí Ọ́ìlì: Ohun Tó Wà Nínú Pípààrọ̀ Gíábọ́ọ̀sì Golf 2

Ẹni tó bá ti wa Golf 2 pẹ́ mọ ìró náà: "pàù!" lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì á sùn sílẹ̀, kò ní dìde mọ́. Wáyà ti já nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, nígbà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti dí ojú títì pa. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo ki gíà kìíní bọ̀ ọ́, mo wá tan ọkọ̀ nínú gíà bẹ́ẹ̀. Kíkì-sítátà ló ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi gbaná, ni mo bá wà á dé etí títì láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì kankan. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá mi pè wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ wáhálà yìí kúrò. Mo lè bá yín wá gíà tó ń lo ọ́pà àti lówà. Ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wáyà mọ́ láéláé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù. Ohun tó fi lọ̀ mí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbà á lọ́wọ́ mẹkáníìkì wọn láìmọ ibi tó máa gbé wọn dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Ẹ́ńjìnì kì í sinmi, ó ń yí ṣáá. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tí iná títì bá pọ́n tàbí tí ọlọ́kadà bá já lu èèyàn lójijì. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì tó lè so wọ́n pọ̀, tó sì lè tú wọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun mẹ́ta ló ń ṣe é. Fúláíwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo, ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnì. Pírẹ́ṣọ̀ ni wọ́n dè mọ́ fúláíwíìlì, sípírìngì líle sì wà nínú rẹ̀. Pílétì wà ní àárín wọn bí àkàrà nínú búrẹ́dì, òun ló sì jókòó sórí irin tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò bá sí lórí pẹ́dà, sípírìngì á há pílétì mọ́ra gírígírí, gbogbo wọn á jọ máa yí. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, bẹ́árìn kan á ti sípírìngì náà, pílétì á gba òmìnira, ẹ̀yin á sì lè pààrọ̀ gíà. Agbára tó ń ti bẹ́árìn yẹn, ẹsẹ̀ yín ló ti wá. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni wáyà àti ọ́ìlì fi yàtọ̀.

Wáyà kò le láti yéni. Ẹni tó bá ti wo bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere rí ti rí i: okùn irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rọ́bà, ẹ fà á níbí, nǹkan mì lọ́hùn-ún. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó lọ́dún 1975, wáyà ló ń lò. Golf kìíní ń lò ó, Golf 2 tí wọ́n ṣe láti 1983 sí 1992 ń lò ó, púpọ̀ nínú Golf 3 náà sì ń lò ó. Kò wọ́n, kò nílò ọ́ìlì, ẹni tó bá mọ sípánà dì mú lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé bí inú rọ́bà rẹ̀ bá ti gbẹ, pẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí le bí òkúta, ẹsẹ̀ á máa ro awakọ̀. Fọ́nrán irin rẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti kọ́ mọ́ pẹ́dà, níbi tí ojú kì í tó, títí ọjọ́ tí èyí tó kù ò ní lè gbé e mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí pílétì ṣe ń jẹ, àyè tí pẹ́dà fi ń ṣeré kí kílọ́ọ̀ṣì tó gbá a mú ń dín kù. Lórí Golf 2 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bí i mílímítà 15 sí 20 ló yẹ kí àyè yẹn jẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Awakọ̀ mélòó ló ń wọ̀n ọ́n?

Ti ọ́ìlì, àwọn tó wa Peugeot 504 ò nílò àlàyé, nítorí òun náà ló ń lò. Sílíńdà kékeré kan wà lẹ́yìn pẹ́dà tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ọ́pà. Èkejì wà lára gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn ni lówà. Páìpù tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀, ọ́ìlì bíréèkì ló sì kún inú wọn. Ẹ tẹ pẹ́dà, irin inú ọ́pà á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti irin inú lówà, lówà á ti kílọ́ọ̀ṣì. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé òfin tó wà nídìí ẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún: omi tí a há mọ́ inú nǹkan kì í fún, bí a bá sì tì í níbì kan, ibi gbogbo ló ń tì padà bákan náà. Ìdí nìyẹn tí páìpù fi lè wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bó ṣe wù ú, tí agbára ò sì ní sọnù. Wáyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí wáyà bá ti tẹ̀ ni ó ti ń ha ara.

Ọ́ìlì tún ní ẹ̀bùn mìíràn tí kì í hàn sójú. Bí pílétì bá ṣe ń jẹ, ìka sípírìngì pírẹ́ṣọ̀ ń sún sẹ́yìn, ó ń ti irin inú lówà padà wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì tó bá ṣẹ́ kù á sì padà sínú ike ọ́ìlì bíréèkì. Pẹ́dà yín kò ní yí padà láti ọjọ́ tí pílétì jẹ́ tuntun títí dọjọ́ tó máa tán. Kò sẹ́ni tó máa wọn àyè kankan.

Ó wá yẹ kí ẹnìkan bèèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò kàn fi lówà sára gíábọ́ọ̀sì Golf 2 tó wà nílẹ̀, ká já wáyà jù nù? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ńlá gan-an nìyí.

Gíábọ́ọ̀sì tó wà nínú Golf 2 ni Volkswagen ń pè ní 020, ẹni tó yà á sì ní èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní tirẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bóòtù dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnì, pílétì wá tẹ̀ lé e, fúláíwíìlì ló sì bò wọ́n lóde. Gbogbo ètò tí mo kà sílẹ̀ lókè, ó yí i padà. Bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ìdí gíábọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló wà, níhà táyà òsì, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Irin gbọọrọ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba inú ihò tó la àárín irin gíábọ́ọ̀sì já, láti ìdí dé orí, tó ń lọ ti kílọ́ọ̀ṣì láti inú. Wáyà á fa apá irin kan níta, apá náà á yí, bẹ́árìn á ti irin gbọọrọ náà, kílọ́ọ̀ṣì á sì tú. Ọgbọ́n gidi ni. Ẹ lè pààrọ̀ bẹ́árìn láti ẹ̀gbẹ́ láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ò lè fi yangàn. Àmọ́ kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tí wọ́n ti pèsè ìjókòó sílẹ̀ fún lówà.

Gíábọ́ọ̀sì tí mẹkáníìkì mi ní lọ́kàn ni 02A. Inú Passat tó jáde lọ́dún 1988 àti Corrado G60 ni ó ti wọ́pọ̀, lẹ́yìn náà ló wọ inú Golf 3 VR6. Ètò rẹ̀ ni ti gbogbo ayé: fúláíwíìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, pílétì, pírẹ́ṣọ̀ lóde, bẹ́árìn ń sún lórí irin gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Lówà jókòó lórí gíábọ́ọ̀sì, ó ń ti apá irin kan tó ń gbé bẹ́árìn. Nítorí náà, kì í ṣe wáyà ni ẹ fẹ́ yọ. Gbogbo ohun tó wà láàrin ẹsẹ̀ yín àti ìdí ẹ́ńjìnì ni ẹ fẹ́ yọ.

Kí wá ló ń mú èèyàn ṣe irú rẹ̀? Agbára ni. Golf 2 oníkábúrétọ̀ 1.8 ní agbára ẹṣin 90, 020 sì lè gbé e láìmí gúlegúle. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì G60 ní 160, ẹ́ńjìnì VR6 2.8 sì ní 174. Bí ẹ bá gbé irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ sínú Golf 2, 020 á bẹ̀rẹ̀ sí ké. Àìsàn rẹ̀ tí gbogbo onímọtò Volkswagen mọ̀ ni ti àwọn ìṣó irin tó de jíà ńlá mọ́ ara ìdí rẹ̀. Ìṣó ni wọ́n kàn, wọn ò lo bóòtù. Nígbà tí ìṣó kan bá já, orí rẹ̀ á máa ká kiri nínú gíábọ́ọ̀sì, á sì lu àpótí náà jáde síta. Ọ́ìlì gíà á wá ya sílẹ̀ lójú títì. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ Volkswagen fúnra wọn mọ̀ pé 020 kò lè gbé G60, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń ṣe Golf 2 G60, 02A ni wọ́n fi sí i. Ẹ̀rí nìyẹn pé ó wọ ọkọ̀ náà láìfi òòlù lù ú. Ó tún jẹ́ ká mọ inú ọkọ̀ tó yẹ ká ti wá àwọn nǹkan kéékèèké.

Àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni wọ́n ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Gíábọ́ọ̀sì ò ṣòro rí. Ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, ẹ máa rí 02A tókúnbọ̀ tí wọ́n tò jọ bí iṣu. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ti VR6 kò lè dè mọ́ ẹ́ńjìnì onípísítìnì mẹ́rin, ihò bóòtù wọn ò bára mu. Mo mọ ẹnìkan tó ra ti VR6 nítorí pé olówó ọjà ní "02A náà ni, ọ̀gá", tó sì gbé e délé kó tó mọ̀. Ẹ mú gáskẹ́ẹ̀tì tàbí páálí tí ẹ ti lu ihò bóòtù ẹ́ńjìnì yín sí lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n lójú olówó ọjà kí owó tó jáde lápò.

Lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, fúláíwíìlì, pírẹ́ṣọ̀ àti pílétì gbọ́dọ̀ bá a wá, nítorí ti 020 ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Kíkì-sítátà yàtọ̀. Síìtì gíà àti irin tó ń gbé e yàtọ̀. Ọwọ́ gíà gan-an yàtọ̀: 020 ń lo irin àti búùṣì láti yan gíà, 02A ń lo wáyà méjì, ọ̀kan ń fà sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń fà síwá sẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó sá fún wáyà kan ti wá ra wáyà méjì! (Wáyà ti gíà kì í tètè bàjẹ́ bíi ti kílọ́ọ̀ṣì ṣá, nítorí ìwúwo tí wọ́n ń fà kéré.) Ẹ tún wọn ojú ibi tí ṣáàfù táyà ti dè mọ́ gíábọ́ọ̀sì, nítorí Volkswagen lo oníwọ̀n mílímítà 90, 100 àti 108 láyé ìgbà náà, èyí tí kò bá sì bára mu kò ṣeé fipá dè.

Pẹ́dà wá ń kọ́? Odindi férémù pẹ́dà ló yẹ kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ti pèsè ìjókòó ọ́pà sí. Ẹ má jẹ́ kí awẹ́dà kan irin mọ́ pẹ́dà oníwáyà kó wá lu ihò sára irin tó pààlà ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀. Irin yẹn fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá de ọ́pà mọ́ ọn láìsí àtìlẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ni irin náà á máa tẹ̀ síwájú, á jẹ nínú ìrìn tó yẹ kí ọ́pà rìn, ẹ̀yin á sì máa bú lówà tí kò ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tó fẹ́ bá a kó nǹkan ránṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún títì ni a ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin ọdún 1972, sítíárìn wa sì wà lósì. Férémù pẹ́dà ọkọ̀ ìlú ọba, ti onísítíárìn ọ̀tún ni. Ìwúwo lásán ni wọ́n máa fi pọ̀n yín. Ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ni kí ẹ wá.

Ike ọ́ìlì bíréèkì náà yóò yí padà, nítorí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ló jọ ń mu nínú ike kan ṣoṣo. Ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù kílọ́ọ̀ṣì wà lára ike tuntun náà: ó ga ju ti bíréèkì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Bí lówà bá ń jò, ọ́ìlì á dín kù dé ẹnu páìpù yẹn, á sì dúró níbẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì yín á kú, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa ní bíréèkì. Mo ti rí ibi tí ẹnìkan ti lu ihò sí ìsàlẹ̀ ike àtijọ́, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu páìpù mọ́ ọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti so ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ rọ́bà kan tí kò tó ìka.

Ó ku ìṣirò kan tí mẹkáníìkì púpọ̀ ń fò. Ọ́pà àti lówà gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ́pà fẹ̀ ní mílímítà 19, lówà fẹ̀ ní 22, irin inú ọ́pà sì rìn ní mílímítà 30. Ẹ sọ fífẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 361 àti 484. Lówà á rìn ní bí i mílímítà 22, agbára rẹ̀ á sì ju ti ọ́pà lọ ní ìlọ́po 1.3. Ó dára. Wàyí o, ká sọ pé ẹni tó ń ta ọjà ní òun ò ní 19, ó fún yín ní 16. Pẹ́dà á fúyẹ́, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n lówà ò ní rìn ju mílímítà 16 lọ, kílọ́ọ̀ṣì ò ní tú tán, gíà á máa han nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ki rìfáàsì. Bí ẹ bá sì lọ sókè ju 19 lọ, ìrìn á pọ̀, pẹ́dà á le, ẹ sì lè ti sípírìngì pírẹ́ṣọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ọ́pà àti lówà wá láti inú irú ọkọ̀ kan náà.

Ọ́ìlì wá kù. Ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì láé, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á mú kí rọ́bà inú ọ́pà àti lówà wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. DOT 4 tuntun kì í hó títí ó fi dé 230°C, ṣùgbọ́n ó ń fa omi láti inú atẹ́gùn, bí ó bá sì ti fa omi dáadáa, 155°C ti tó láti mú un hó. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páìpù jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì. Ẹ má sì jẹ́ kó kán sára ọ̀dà ọkọ̀, ó ń bó ọ̀dà.

Yíyọ atẹ́gùn ni mo rò pé ó máa ń gba sùúrù jù. Bí omi ò ṣe ń fún, atẹ́gùn ń fún. Bí atẹ́gùn bá wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín á kàn máa fún un, lówà ò ní mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkankan. Ti bíréèkì tí ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ń tẹ pẹ́dà, "ó wà nílẹ̀, ọ̀gá!", tí ọ̀gá á sì tú nípù, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa níbí, nítorí ọ́ìlì tí ọ́pà ń tì lẹ́ẹ̀kan kéré, atẹ́gùn á sì sá padà sókè kó tó jáde. Ohun tí mo ti rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ra sírínjì ńlá ní ilé ìta-oògùn, kí ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ nípù lówà, kí ẹ wá máa ti ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Òkè ni atẹ́gùn fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹ máa ṣọ́ ike, kó má kún jáde.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ tan ọkọ̀, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dópin, ẹ ka ẹẹ́ta, kí ẹ wá ki rìfáàsì. Bó bá wọlé láìké, iṣẹ́ ti yọrí. Bó bá ké, kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń fà á mọ́ra: ẹ padà sídìí atẹ́gùn, lẹ́yìn náà sídìí ìṣirò ọ́pà àti lówà.

Àwọn kan wà tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n á gbé 02A síbẹ̀, wọ́n á ṣe irin kan sí ibi tó yẹ kí lówà jókòó, wọ́n á sì fi wáyà fa apá irin rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnì ńlá sínú Golf kìíní máa ń ṣe é, nítorí kí wọ́n má baà fọwọ́ kan pẹ́dà. Ó ń ṣiṣẹ́. Agbára gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá, wọn ò bínú sí wáyà.

Èrò tèmi rèé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé VR6 tàbí ẹ́ńjìnì onítúbò sínú Golf yín, 02A pọn dandan, ẹ sì ra odindi ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ tó ń lò ó bí agbára bá ká a, kí gbogbo nǹkan kéékèèké lè pé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé 1.8 tó bá ọkọ̀ wá ló ṣì wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé pẹ́dà líle tàbí wáyà tó já ló ń dà yín láàmú, owó wáyà mẹ́wàá ò tó owó iṣẹ́ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì mi ní Mọ́kọ́lá, mo sì rán an ní wáyà tuntun méjì. Ó fi ọ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, èkejì wà nínú búùtù mi títí di òní.